Ọmọ Tí A Bá Fi Pamọ́, Ìjọba Kò Lè Rí I

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìṣọ́ ọjà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí iwájú ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Láàrin wa níbí, a rí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò lè rìn. A rí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ràn. A rí ẹni tí wárápá ń gbé ọmọ rẹ̀ ṣubú, a sì rí ẹni tí ọpọlọ ọmọ rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń gbé tiwọn wá sí ìsọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹní fún un lẹ́yìn àpò gaàrí. Àwọn kan ń ti tiwọn mọ́lé kí wọ́n tó jáde, ọkàn wọn kì í sì í balẹ̀ lọ́jà títí wọn yóò fi padà délé.

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá ni pé: "Wọ́n ní ìjọba ń san owó fún ọmọ tó bá jẹ́ aláàbọ̀ ara. Níbo la ti ń gba fọ́ọ̀mù?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì ka á sétí ẹni tí kò bá mọ̀wé kà.

ÒÓTỌ́ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ RÈÉ

Ní Nàìjíríà tiwa, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí wọ́n máa san iye owó kan lóṣooṣù fún gbogbo ọmọ aláàbọ̀ ara. Kò sí o. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé fọ́ọ̀mù wá sí ìsọ̀ yín, tó ní kí ẹ mú owó wá kí orúkọ ọmọ yín lè wọlé fún owó oṣù, olè ni. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ìyá tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ná èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n bá sọ fún un pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀.

Àmọ́ pé kò sí owó oṣù kò wí pé kò sí ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ wà. Ilé ìwé wà níbẹ̀, ìwòsàn wà níbẹ̀, àwọn ìrànlọ́wọ́ mìíràn tó máa ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń fa ọ̀pọ̀ wa sẹ́yìn ni pé orúkọ ọmọ náà kò sí nínú ìwé kankan. Kò ní sátífíkéètì ọjọ́ ìbí, kò ní káàdì ilé ìwòsàn, orúkọ rẹ̀ kò sí ní ilé ìwé. Bí ìjọba bá gbé nǹkan dé lọ́la, ta ni yóò sọ pé ọmọ náà wà láyé?

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ jẹ́ kí a kọ ọmọ náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé rẹ̀ pé kí ìrànlọ́wọ́ tó dé, kí ó má baà jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń pín in la ó máa wá ìwé.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n fi ọdún 2018 pè. Òfin náà ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ tàbí fífi ojú tín-ín-rín wò ó léèwọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Èyí tó kan ọmọ wa níbẹ̀ rèé:

Èkíní ni ilé ìwé. Òfin ní aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí yóò fi jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ilé ìwé tó bá lé ọmọ padà nítorí pé ó jẹ́ arọ tàbí adití ń rú òfin.

Èkejì ni ìwòsàn. Wọn kò gbọdọ̀ dá aláàbọ̀ ara dúró ní ilé ìwòsàn nítorí bí ó ṣe wà. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ mọ́ ọpọlọ, òfin ní kí ilé ìwòsàn ìjọba tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìlà. Níbi tí èrò bá ti tò, aláàbọ̀ ara ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ má tijú láti sọ ọ́. Bí ẹ bá gbé ọmọ dé báńkì tàbí ọsibítù, ẹ rọra wí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni òfin wí."

Ẹ̀kẹrin ni ìjìyà. Ẹni tó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ lè san 100,000 náírà, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni, mílíọ̀nù kan náírà ni.

Ẹ̀karùn-ún kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi aláàbọ̀ ara ṣagbe. Ẹni tó bá gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri ọjà láti fi gba owó lọ́wọ́ èèyàn, 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni tirẹ̀ náà. Bí ẹnì kan bá wá bá yín pé kí ẹ yá òun ní ọmọ yín kí òun gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Èkó, pé òun á máa fi owó ránṣẹ́, ẹ lé e lọ, kí ẹ sì fi tó ẹgbẹ́ létí.

Òfin yìí kan náà ló sọ pé kí wọ́n dá Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara sílẹ̀. Àbújá ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Òfin mẹ́nu ba sátífíkéètì tí aláàbọ̀ ara lè gbà lábẹ́ Àjọ náà, èyí tí yóò fi hàn pé ara rẹ̀ rí báyìí lóòótọ́. Ìwé dókítà ni ìpìlẹ̀ irú sátífíkéètì bẹ́ẹ̀.

Òfin mìíràn wà lẹ́yìn èyí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà fún gbogbo Nàìjíríà láti ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Ní ọdún 2022, òfin tuntun jáde lórí adójútòfò ìlera. Òfin yìí ní kí wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò ní agbára àtisan, ó sì ka aláàbọ̀ ara mọ́ wọn, pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún, arúgbó àti tálákà. Ní Ògùn níbí, ètò adójútòfò ìlera tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Àràyà ni ká béèrè. Ẹ bi wọ́n ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín bóyá ààyè wà fún ọmọ yín lára àwọn tí ìjọba ń san tiwọn fún.

Ẹ ó ní, "Akọ̀wé, òfin wà lórí ìwé, ta ló ń ṣe é?" Òótọ́ ni, ìmúṣẹ rẹ̀ ń rìn bí ìgbín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́, kò ní í mọ ìgbà tí wọ́n fi í dù ú.

OWÓ TÍ ÌJỌBA PÍN FÚN TÁLÁKÀ ŃKỌ́?

Láti ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ orúkọ àwọn ilé tó tòṣì sínú ìwé kan. Àdúgbò ni wọ́n ti ń béèrè pé ta ni ó tòṣì jù láàrin yín. Àwọn tó wà nínú ìwé náà ni wọ́n fún ní 5,000 náírà lóṣù nígbà kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba kéde 25,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́ta, fún mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ilé. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu dá àwọn ètò náà dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Owó yẹn kì í ṣe ti ọmọ aláàbọ̀ ara nìkan, ti ilé tálákà ni. Àmọ́ nígbà tí àdúgbò bá ń ka ilé tó yẹ, ilé tí ọmọ aláàbọ̀ ara wà ló yẹ kí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Báwo ni yóò ṣe jáde bí àwọn ará àdúgbò kò bá mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé yín? Nọ́ńbà NIN àti àkáǹtì báńkì ni wọ́n sì fi ń sanwó. Ẹni tí kò ní méjèèjì, ẹ̀yìn ló máa wà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É NÍBÒMÍRÀN

Kí ẹ má baà rò pé àlá là ń lá, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ń san owó náà.

Ní Nàìjíríà níbí kan náà, Ìpínlẹ̀ Jígáwá ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2007, nígbà tí Sule Lamido jẹ́ gómìnà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san 7,000 náírà lóṣù fún aláàbọ̀ ara, àádọ́jọ èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní ẹgbàajì èèyàn. Jígáwá kò lówó tó Ògùn. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí apá ìpínlẹ̀ kò ká.

Ní Gánà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní LEAP ní ọdún 2008, tó ń fún ilé tálákà lówó, aláàbọ̀ ara tí kò lè ṣiṣẹ́ sì wà lára àwọn tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó mú ilé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ń yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba ń fún àwọn kánsù sílẹ̀ fún aláàbọ̀ ara, wọ́n sì lè fi ra ọjà fún ìyá ọmọ kó máa tà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù àti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú wà, owó kan wà fún ọmọ aláàbọ̀ ara tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Disability Living Allowance ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1992. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, apá ti ìtọ́jú nínú rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 29.20 lọ́sẹ̀ fún èyí tó kéré jù, 110.40 fún èyí tó pọ̀ jù. Wọn kì í wo iye tí ìyá àti bàbá ń gbà níbi iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé: ṣé ìtọ́jú ọmọ yìí ju ti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dáadáa? Ṣé ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti wà bẹ́ẹ̀, ṣé yóò sì tó oṣù mẹ́fà sí i? Bí wọ́n bá kọ̀, ìyá ní oṣù kan láti ní kí wọ́n tún un wò, bí wọ́n bá tún kọ̀, ó lè lọ sí ilé ẹjọ́ kékeré tó wà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ níbẹ̀, ẹ sọ èyí fún wọn: ẹni tí físà rẹ̀ kò gbà á láàyè láti gba owó ìjọba kò gbọdọ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ òfin wíwọ̀lú. Ó lè ba ìwé ìgbélùú jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, SSI ni tiwọn ń jẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọdún 1974, ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2025, èyí tó pọ̀ jù tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń san jẹ́ dọ́là 967 lóṣù. Àwọn wọ̀nyí ń wo owó tó ń wọlé fún òbí ní tiwọn. Wọ́n sì ń béèrè ìwé lọ́wọ́ dókítà àti lọ́wọ́ tíṣà tó ń kọ́ ọmọ náà.

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè níbi gbogbo: Ta ni ọmọ yìí? Kí ló ṣe é? Kí ló nílò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò nílò? Ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Ẹni tó bá ti ní ìdáhùn mẹ́rin yìí lórí ìwé, ibi yòówù kí ilẹ̀kùn ti ṣí, á lè wọlé.

ÌWÉ TÍ Ó YẸ KÍ ÌYÁ NÍ

Ẹ ra fáìlì kan, kí ẹ sì wá ọ̀rá tí omi kò ní í wọ̀. Ẹ kó àwọn ìwé wọ̀nyí sínú rẹ̀:

1. Sátífíkéètì ọjọ́ ìbí. Ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni wọ́n ti ń gbà á, òfin ọdún 1992 ló ní kí wọ́n máa kọ gbogbo ọmọ tí a bá bí sílẹ̀. Bí ọmọ bá ti dàgbà tí ẹ kò tíì gbà á, ẹ ṣì lè lọ.

2. NIN ọmọ náà. Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rìndínlógún lè gbà á, nọ́ńbà ìyá tàbí bàbá ni wọ́n á so ó mọ́. Ọ̀fẹ́ ni àkọ́gbà.

3. Ìwé ilé ìwòsàn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín, irú Jẹ́nẹ́rà Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n lè kọ lẹ́tà fún yín lọ sí Ọsibítù Ìpínlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OOUTH ní Ṣàgámù, tàbí FMC ní Abẹ́òkúta. Ti wárápá àti ti ọpọlọ, ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ọdún 1954, wọ́n sì ní ẹ̀ka ti ọmọdé. Dókítà yóò béèrè bí ẹ ṣe bí ọmọ náà: Ṣé ìrọbí pẹ́? Ṣé ọmọ sunkún lójú ẹsẹ̀? Ṣé ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé gìrì mú un? Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Irú nǹkan wọ̀nyí ló sábà máa ń ba ọpọlọ tàbí etí ọmọ jẹ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, kì í ṣe ayé. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ àìlera náà sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó lu òǹtẹ̀.

4. Ìwé ilé ìwé. Bí ọmọ bá ń lọ, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ tíṣà nípa ohun tó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀ láti gbà á, ẹ kọ orúkọ ilé ìwé náà, ọjọ́, àti ohun tí wọ́n sọ.

5. Fọ́tò ọmọ àti ti ìyá, fotokọ́pì gbogbo ìwé. Ojúlówó kì í kúrò lọ́wọ́ yín. Fotokọ́pì ni ẹ ó máa fún wọn.

ÌWÉ KẸFÀ, ÈYÍ TÍ Ẹ̀YIN FÚNRA YÍN MÁA KỌ

Èyí ló ṣe pàtàkì jù, kò sì ju owó ìwé ọlọ́gójì ewé lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ohun tí ẹ ń ṣe fún ọmọ náà láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ kò bá lè kọ, ẹ pe ọmọ ilé ìwé kan nínú ilé kó bá yín kọ ọ́ ní alaalẹ́. Báyìí ni ká kọ ọ́:

"Ọjọ́ Ajé. Mo jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru láti yí i padà kí egbò má baà dá sí i lára. Oúnjẹ àárọ̀ gbà mí ní wákàtí kan, èmi ni mo fi ṣíbí bọ́ ọ. Mo pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án. N kò lè dé ọjà kó tó di aago mọ́kànlá."

Ẹ tún kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí i. Gbogbo ọmọ ọdún kan la ń bọ́, a kì í bọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá ọ́fíìsì ń wá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun kan tó ń pa wá lára. Àwa Yorùbá, bí wọ́n bá bi wá pé "Ọmọ ńkọ́?", ohun tó máa ń jáde lẹ́nu wa ni "A dúpẹ́, ó wà dáadáa, Ọlọ́run ń ṣe é." Ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn, a kò fẹ́ fi ẹnu ara wa pe ibi. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọba tó jókòó síwájú yín kò mọ̀ pé ìkíni ni. Bí ẹ bá ní "ó wà dáadáa", "ó wà dáadáa" náà ni yóò kọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tán, kí ẹ wá wí pé: "Àmọ́ kò lè dìde, kò lè dá jẹun, èmi nìkan ni mo ń gbé e." Sísọ bí ó ṣe rí kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ má sì bù kún un. Irọ́ kan péré lè ba gbogbo òótọ́ jẹ́.

IBI TÍ A Ó GBÉ E LỌ

Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, kánsù Ìjẹ̀bú Àríwá ni tiyín, Ìjẹ̀bú-Igbó ni ó wà. Àwọn ará Ìwópin, Ìbíadé, Mákùn-Omi àti àwọn ìlú omi yòókù, Abígí ni kánsù Ògùn Wọ́tásáìdì wà. Ẹ béèrè ọ́fíìsì wẹ́fíà. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọmọ àti aláìní. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ yín sínú ìwé wọn, kí ẹ sì béèrè nípa ìwé orúkọ àwọn tálákà. Láti kánsù, ọ̀rọ̀ lè dé ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti àwùjọ ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta.

Ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn náà wà, JONAPWD ni wọ́n ń pe ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọdún 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ wá wọn kàn. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, wọ́n máa ń gbọ́ nǹkan kí àwa tó gbọ́.

Ní ọ́fíìsì yòówù kí ẹ dé, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní "ẹ padà wá", ẹ béèrè ọjọ́ wo. Bí wọ́n bá ní "kò sí", ẹ rọra ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé fún yín. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì sọ̀rètí nù. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni a ń ná ọjà.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

A mọ ohun tí ń dá yín dúró. Ọjọ́ tí ìyá bá lọ sí Ṣàgámù, kò tajà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìwópin á wọkọ̀ lọ, á wọkọ̀ bọ̀, ọmọ tí kò lè rìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wí pé "ó di ọ̀la", tí ọ̀la fi ń di ọdún kẹta.

Nítorí náà, a fẹ́ kí gbogbo ọjà jíròrò nǹkan mẹ́rin yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Èkíní, kí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ bá ti ìyá náà máa bá a tajà lọ́jọ́ tó bá lọ sí ọsibítù, kí owó rẹ̀ sì pé. Èkejì, kí a yọ díẹ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ fún owó ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe fún ìsìnkú àti ìkómọ. Bí a bá lè náwó fún òkú, ẹ jẹ́ ká lè náwó fún alààyè. Ẹ̀kẹta, kí ẹnì kan tó mọ̀wé tẹ̀ lé ìyá lọ sí ọ́fíìsì, nítorí ohùn èèyàn méjì kì í rí bí ohùn ẹnì kan. Ẹ̀kẹrin, kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀ tí a ó kọ iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ohun tí wọ́n nílò. Ọwọ́ Ìyálọ́jà ni kí ìwé náà wà, kì í ṣe ohun tí a ó máa ka síta fún gbogbo ayé.

Ìwé yẹn ni a ó gbé lọ bá alága kánsù àti ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń ṣojú wa. Bí obìnrin kan bá lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní kó lọ máa bọ̀. Bí gbogbo ọjà bá gbé ìwé lọ, tí a wí pé "ọmọ báyìí ló wà lọ́dọ̀ wa, ọdún báyìí ni wọ́n, Jígáwá ṣe é, ẹ̀yin ńkọ́?", wọ́n á jókòó. Àwọn kan náà ni wọ́n ń wá bá wa ní ọjà nígbà ìbò. Wọ́n mọ ọ̀nà, àwa náà mọ tiwọn.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ẹ̀yin ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ kú ìrọ́jú. A rí yín. A mọ̀ pé àwọn kan ń pe ọmọ yín lórúkọ tí kò dáa, a sì mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú àwọn bàbá ọmọ ti kó ẹrù jáde nílé. Àjọbí ni ọmọ náà, àjọtọ́ ni kó jẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ yìí kò lè rìn dé kánsù láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, àwa la ó bá a dé ibẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ sátífíkéètì ọjọ́ ìbí ni ẹ lè gbà, ẹ lọ gbà á. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kó wá bá akọ̀wé ní ọjọ́ ìpàdé, kó sì gbé ọmọ náà dání. Ẹ má fi í sílé.

Ire o. Ọjà á tà, ọmọ á yè.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, fún gbogbo ẹgbẹ́